Ọjọ́rú Tí Vikram Gúnlẹ̀ Sórí Òṣùpá

Aago 1 òru

Nígbà tí Ọjọ́rú, ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa ní agbègbè Ìbàdàn, òṣùpá ti wọ̀. Láti Mọ́níyà dé Àkànràn, láti Lálùpọn dé Ẹ̀rúnmu, òkùnkùn ló kù, pẹ̀lú ìkuukùu oṣù Kẹjọ tí kì í fẹ́ kéèyàn rí ìràwọ̀. Òṣùpá tó wọ̀ yẹn kò dá lọ. Vikram ń pòòyì lára rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò gbé èèyàn kankan ni, tí ISRO, ilé iṣẹ́ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Íńdíà, fi rọ́kẹ́ẹ̀tì LVM3 rán láti Sriharikota létí òkun ní ọjọ́ 14 oṣù Keje. Chandrayaan-3 ni wọ́n pe ìrìn àjò náà. Níbi tí Vikram bá ti sún mọ́ òṣùpá jù, kìlómítà 25 ló kù kó kan ilẹ̀. Mọ́níyà sí Ọ̀yọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bíi wákàtí méjì ló fi ń yí i po lẹ́ẹ̀kan.

Àwa tí irú nǹkan báyìí máa ń gba oorun lójú wa ò fi ọkàn balẹ̀ rárá. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ni Luna-25 ti Rọ́ṣíà já lu òṣùpá. Àwọn ará Rọ́ṣíà fúnra wọn ló sọ ohun tó fà á: ẹ́ńjìnì tó yẹ kó jó fún ìṣẹ́jú-àáyá 84 jó fún 127. Ìjọba Soviet tí Rọ́ṣíà jogún rẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ gúnlẹ̀ sórí òṣùpá wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ọdún 1966 o. Íńdíà ní tirẹ̀ ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, Vikram àkọ́kọ́ sì fọ́ yángá. Ta ló máa wá sùn?

Aago 6 ààbọ̀ òwúrọ̀

Oòrùn ń yọ. Ní gáréèjì Lálùpọn, àwọn ọlọ́kadà ti ń to ara wọn, wọ́n sì ń kó àpò gàrí sẹ́yìn mọ́tò. Owó epo ni ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo èèyàn láti ìgbà tí ìjọba ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Rédíò ń sọ ti àwọn mínísítà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ búra fún ní ọjọ́ Ajé, àti ti àwọn sójà tó gbàjọba ní Nìjẹ̀ẹ́. Kò sí ti òṣùpá nínú èyí tí mo gbọ́. Mi ò bá wọn jà. Bí jálá epo bá ti lé ní 600 náírà, òṣùpá lè dúró ná.

Aago 8

Lójú ọ̀nà Ejíòkú, àgbẹ̀ kan ti ro ilẹ̀ sílẹ̀ fún àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì nínú ọdún. Ẹni tó bá mọ oko agbègbè Ìbàdàn mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ni àgbàdo yẹn. Òjò máa ń dá díẹ̀ láàrin oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, á tún padà dé nínú oṣù Kẹsàn-án, á sì palẹ̀ mọ́ bó bá di ìparí oṣù Kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Bí o bá gbìn kí òjò tó padà, oòrùn á yan irúgbìn mọ́lẹ̀. Bí o bá pẹ́ jù, òjò á ti lọ kí àgbàdo tó yọ irùkẹ̀rẹ̀, pòròpórò nìkan lo máa kó relé.

Mo sọ fún un pé ọkọ̀ kan ń lọ gúnlẹ̀ sórí òṣùpá lọ́sàn-án yẹn. Kò yà á lẹ́nu. Ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó ní, “Ẹ bá mi bi àwọn tó wà lókè yẹn, ọjọ́ wo gan-an ni òjò máa padà?”

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Sátẹ́láìtì tó ń wo ìkuukùu wa wà lóòótọ́. Meteosat lorúkọ rẹ̀. Òkè òkun Guinea ló dúró sí, ní gúúsù wa níbí, níbi tí agbedeméjì ayé ti pàdé ìlà 0, nígbà yẹn, ó sì ń ya àwòrán gbogbo ojú ọ̀run ilẹ̀ Áfíríkà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ará Yúróòpù ló ni ín. Àwọn àgbẹ̀ Íńdíà náà ń retí òjò ní ọdọọdún bíi tiwa; INSAT ló ń wo ìkuukùu tiwọn, Íńdíà ló sì ni INSAT.

Ohun tó jẹ́ kí n máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ òfuurufú Íńdíà ju ti Amẹ́ríkà lọ nìyẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mú un mọ́ abúlé. Vikram Sarabhai, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ yìí, kò sọ pé òun fẹ́ bá àwọn alágbára díje. Ó ń wá bí ẹ̀kọ́ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tí tíṣà ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1971, kò rí i. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1975, wọ́n yá sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà kan, ATS-6, fún ọdún kan, wọ́n sì gbé tẹlifíṣọ̀n lọ sí abúlé bíi 2,400 ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà. Èrò á péjọ síwájú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo lálẹ́, wọ́n á máa wo bí wọ́n ṣe ń lo ajílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ àti ẹran ọ̀sìn. Nígbà tí ọdún náà pé, Amẹ́ríkà gba sátẹ́láìtì rẹ̀ padà. Íńdíà ti mọ ohun tó fẹ́ nígbà yẹn. Òun ló sì fi INSAT ṣe.

Ìbàdàn sì rèé, tó ti ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ láti oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Mi ò sọ fún àgbẹ̀ yẹn. Ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Aago 10

Mo fẹ́ fi wákàtí yìí sọ ti Ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ mìíràn, ti ọdún 1963, ọgọ́ta ọdún géérégé ṣáájú, torí pé òun ló ń yí mi lórí ní gbogbo àárọ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan, USNS Kingsport, wà létíkun Èkó. Ààrẹ Kennedy jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Washington, ó gbé tẹlifóònù, Abubakar Tafawa Balewa, Olóòtú Ìjọba Nàìjíríà, sì dá a lóhùn láti inú ọkọ̀ náà. Syncom 2 ló gbé ohùn wọn. Sátẹ́láìtì kékeré kan ni, tó wà lókè tó bíi kìlómítà 36,000, tí wọn ò tíì rán lọ sókè tó oṣù kan. Òun ni ìgbà àkọ́kọ́ tí olórí ìjọba méjì á fi sátẹ́láìtì bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Kì í ṣe London, kì í ṣe Moscow. Èkó ni.

Lọ́jọ́ tí Balewa ń sọ̀rọ̀ yẹn, Íńdíà ò tíì yìn rọ́kẹ́ẹ̀tì kankan rí. Ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà ni àkọ́kọ́ gbéra, ní Thumba. Abúlé apẹja ni Thumba, ní etí òkun Kerala. Ìdí tí wọ́n fi yàn án ni pé ìlà agbedeméjì mágnẹ́ẹ̀tì ayé gba ibẹ̀ kọjá, níbi tí iná mànàmáná kan tó máa ń ṣàn lójú òfuurufú, tó bíi ọgọ́rùn-ún kìlómítà sókè, ti lágbára jù. Àwọn onímọ̀ fẹ́ yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀ láti mọ bó ṣe rí. Wọn ò ní ilé. Sarabhai tọ bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ lọ, Peter Bernard Pereira. Bíṣọ́ọ̀bù bá àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Magdalene. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń to rọ́kẹ́ẹ̀tì pọ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n fi ń gbé orí rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti máa yìn ín; fọ́tò rẹ̀ wà, ẹnìkan ń ti kẹ̀kẹ́, ẹnì kejì ń bá a di orí rọ́kẹ́ẹ̀tì mú lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Ìlà mágnẹ́ẹ̀tì yẹn gba Nàìjíríà kọjá náà, lápá òkè Ìbàdàn díẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tó ṣì ń jẹ́ University College, ti ní ibùdó tó ń wọn ojú òfuurufú kan náà ní àwọn ọdún 1950, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan Thumba. Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń lo èsì tó ń ti Ìbàdàn wá. Ìlà wà níbí, ẹ̀rọ wà níbí, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò wà níbí.

Kí n má bàa parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ́kọ́ yìn ní Thumba kì í ṣe ti Íńdíà. Nike-Apache ni, Amẹ́ríkà ló fún wọn. Nípa ohun àlejò, èjì dọ́gba: Èkó gba tẹlifóònù, Thumba gba rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kingsport tú ìdákọ̀ró rẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ ló bá a lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì Thumba kò lọ síbì kankan. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ lóṣù yìí, á tún wà nínú rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, á máa tú u, á máa tún un tò, títí tó fi mọ̀ ọ́n ṣe. Ọjọ́ kejì tí Thumba yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sókè ni wọ́n pa Kennedy. Oṣù Kìíní ọdún 1966 ni wọ́n pa Balewa. Lẹ́yìn náà ni ogun dé bá wa. Ọdún 2003 ni sátẹ́láìtì tiwa àkọ́kọ́, NigeriaSat-1, tó lọ sókè. England ni wọ́n ti ṣe é, Rọ́ṣíà ni wọ́n ti yìn ín.

Aago 12 kọjá

Òṣùpá yọ ní Ìbàdàn ní nǹkan bí ọ̀sán gangan. Ẹnikẹ́ni ò kíyè sí i. Òṣùpá ọ̀sán kì í ní olólùfẹ́, pàápàá nígbà tí ìkuukùu bá bò ó. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ fi í sọ́kàn pé ó wà níbẹ̀, lápá ìlà oòrùn, bí ẹni kọjú sí ọ̀nà Ìwó kó wá yà sí ọ̀tún.

Iná ò sí. Mo ti lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan láti bẹ ẹni tó ni ín pé kó bá mi tan jẹnẹrétọ̀, kí á fi tẹlifíṣọ̀n ńlá wò ó. Ó bi mí pé, “Ta ló ń gbá pẹ̀lú ta?” Nígbà tó gbọ́ pé kò sẹ́ni tó ń gbá, ó ní epo òun ò tó fún ìyẹn. Ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tó ń bá wọn ṣájì fóònù ni a wá fìdí kalẹ̀ sí, torí pé ó ní sólà. A gbé fóònù ti ike omi. Bàbá Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì wà níbẹ̀, ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, àwọn ọmọ tó wà ní ìsinmi ilé ìwé, àti Bàbá Ẹlẹ́dìyẹ tó wá ṣájì tọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Aago 1 kọjá ìṣẹ́jú 15

Ní Bengaluru, aago 6 ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú 15. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sẹ́yìn kọ̀ǹpútà ní ìlà-ìlà. Ní àkókò yìí, ọwọ́ wọn ti kúrò níbẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn mọ̀, mo sì sọ ọ́ fún wọn. Ọ̀rọ̀ tí o bá fi rédíò rán láti ayé máa ń lo ìṣẹ́jú-àáyá kan ó lé kó tó kan òṣùpá, èsì náà á tún lo bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń já bọ̀ ò lè dúró de àṣẹ. Torí náà, Vikram fúnra rẹ̀ ló máa wo ilẹ̀, òun ló máa mọ bó ṣe ga tó, òun ló máa pinnu ìgbà tí ẹ́ńjìnì á rọ̀ tàbí kó le. Àwọn ẹnjiníà tó kọ́ ọ, òǹwòran ni wọ́n lọ́sàn-án yẹn, bíi tàwa tí a dì mọ́ fóònù kan ní Lálùpọn.

Ẹ́ńjìnì mẹ́rin jó lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 30 sókè, ó ń sáré kìlómítà kan àti ààbọ̀ ó lé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Kò sí afẹ́fẹ́ lórí òṣùpá, búrẹ́là amúbọ́lẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iná ẹ́ńjìnì nìkan ló lè ki eré yẹn wọ̀. Ìṣẹ́jú 11 ó lé ló fi ń jà á, títí tó fi sọ̀ dé kìlómítà 7 ó lé díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí ara padà díẹ̀díẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè kọjú sílẹ̀.

Lójú fóònù, ìlà kan wà tó tẹ̀ kọrọdọ láti òkè wá sísàlẹ̀: ọ̀nà tó yẹ kí ọkọ̀ gbà. Àmì kékeré kan ń rìn lórí rẹ̀. Mi ò gbé ojú kúrò lára àmì yẹn. Ní ọdún 2019, irú ìlà yẹn náà ni a ń wò, nígbà tó kù bíi kìlómítà 2 ni àmì yà kúrò lọ́nà, gbogbo ilé ìdarí sì dákẹ́ lọ. Tọ̀tẹ̀ yìí, nọ́ńbà eré ìbú ń rẹlẹ̀, nọ́ńbà eré òòró ń rẹlẹ̀, àmì ò yà. Bàbá Tíṣà ń ka nọ́ńbà náà sókè bí ẹni ń ka èsì ìdánwò. Nígbà tó kù mítà 150, ọkọ̀ dúró lójú òfuurufú, ó ń fi kámẹ́rà wá ibi tí kò sí òkúta ńlá. Ó rí i. Ó tún ń sọ̀.

Aago 1 kọjá ìṣẹ́jú 34

Ó kanlẹ̀.

Àwọn tó wà ní Bengaluru fò sókè, àwọn ọmọ fò sókè nítorí pé àwọn yẹn fò sókè, ìyá ẹlẹ́kọ sì ní kí wọ́n má da ọpọ́n òun nù. S. Somanath, ọ̀gá ISRO nígbà náà, bọ́ síwájú láti kéde. Olórí ìjọba Íńdíà, Narendra Modi, tó wà ní Johannesburg fún ìpàdé BRICS, ń ju àsíá kékeré láti inú fídíò. P. Veeramuthuvel tó darí iṣẹ́ náà àti Kalpana Kalahasti, igbákejì rẹ̀, sọ̀rọ̀. Ti obìnrin yẹn ni ìyá ẹlẹ́kọ tẹ́tí sí. Ó béèrè pé ṣé òun náà wà lára àwọn tó ṣe é. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n gbé fóònù súnmọ́ òun.

Àwọn tó ń wò ó lórí YouTube lẹ́ẹ̀kan náà lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Kò sí ètò kankan tó tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí. Íńdíà di ìkẹrin, lẹ́yìn Amẹ́ríkà, Soviet àti Ṣáínà. Ibi tó gúnlẹ̀ sí, nǹkan bí ìwọ̀n 69 sí gúúsù, kò sẹ́ni tó tíì gúnlẹ̀ sún mọ́ òpin gúúsù òṣùpá tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìtòsí ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń lé, torí yìnyín tó wà nínú àwọn kòtò tí oòrùn kì í dé. Chandrayaan-1 tó lọ ní ọdún 2008 wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé gbà pé omi wà lórí òṣùpá.

Aago 3

Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí. Ọmọkùnrin tó ń ṣájì fóònù ní ebi ń pa àwọn ará Íńdíà náà, kí ni wọ́n ń wá lọ sí òṣùpá. Ìbéèrè tó dáa ni, àwọn ará Íńdíà náà sì ń bi ara wọn. Iye tí wọ́n dá sí i jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 75 dọ́là. Fíìmù Interstellar ti Amẹ́ríkà, tó jẹ́ ìtàn àròsọ nípa òfuurufú, gba mílíọ̀nù 165. Ẹni tó ní agbára rọ́kẹ́ẹ̀tì á dé òṣùpá ní ọjọ́ mẹ́rin bíi ti Apollo 11. Íńdíà lo ogójì ọjọ́, ó kọ́kọ́ ń yí ayé po, ó ń fẹ̀ sí i ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, títí tí òṣùpá fi fà á. Ọ̀nà ẹni tí kò lówó ni, kò sì sí ohun tó ń tini lójú níbẹ̀.

Èyí tó jẹ́ kí n gbà fún wọn jù ni ohun tí wọ́n ṣe láàrin ọdún mẹ́rin yẹn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wọ́n wo ẹ̀yìn dáadáa. Wọ́n sọ fáyé pé ẹ́ńjìnì 2019 ti ní agbára ju bí wọ́n ti rò lọ, pé ọkọ̀ ò lè yí ara padà kíákíá, pé pápá tí wọ́n là sílẹ̀ fún un kéré jù: mítà 500 ní 500. Vikram kejì gba pápá kìlómítà 4 ní 2.4. Wọ́n yọ ẹ́ńjìnì àárín kúrò, wọ́n fi epo kún un, wọ́n mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, wọ́n fi ẹ̀rọ léésà kan sí i tó ń wọn eré. Somanath sọ pé dípò kí àwọn máa ro bí ó ṣe máa yọrí sí rere, ohun tó lè bàjẹ́ ni àwọn tò kalẹ̀, tí àwọn sì ń dáhùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mélòó ni iṣẹ́ ìjọba lọ́dọ̀ wa tí a ti gbọ́ ohun tó bà á jẹ́ lẹ́nu ẹni tó ṣe é?

Bàbá Tíṣà ò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní ará Íńdíà ló kọ́ òun ní ìṣirò. Ìgbà tí ìjọba Gómìnà Bọ́lá Ìgè sọ ilé ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ni, ilé ìwé pọ̀ ju tíṣà lọ, àwọn ará Íńdíà àti Gánà ló wá dí àlàfo. Ọkùnrin náà máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá, ata inú ọbẹ̀ rẹ̀ ju ti Ìbàdàn lọ, kì í sì í gba èsì lọ́wọ́ ọmọ tí kò bá kọ ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ sílẹ̀. “Bó o gba èsì, tí o ò kọ ọ̀nà, òdo ló máa fún ẹ,” ni bàbá wí. Ó ní ìbínú rẹ̀ ṣì wà lára òun.

Aago 7 ààbọ̀ alẹ́

Ìkuukùu là. Òṣùpá wà lókè dáadáa lápá gúúsù, ó ku díẹ̀ kó pé ìdajì. Mo na ọwọ́ sí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, lápá tó mọ́lẹ̀, mo ní ibẹ̀ ni Vikram wà. Ojú ò lè rí i, awò tó lágbára jù láyé yìí ò lè rí i láti ibí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló wà. Ìyá ẹlẹ́kọ ní ṣé kò ní dí ọkùnrin tó ń la igi nínú òṣùpá lọ́wọ́. Mo ní àárín ni ti ọ̀gbẹ́ni yẹn, ti Vikram wà ní ìsàlẹ̀, wọn ò ní pàdé. Àwọn ọmọ wá béèrè ìràwọ̀ tó ń tàn láìṣẹ́jú lápá ìlà oòrùn. Saturn ni, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó wà ní òdìkejì oòrùn gan-an, kó sì mọ́lẹ̀ jù lọ́dún náà. Àwọn ọmọ yẹn fi òṣùpá sílẹ̀, wọ́n yíjú sí Saturn. Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Gbogbo ìmúrasílẹ̀ mi, orí òṣùpá ló wà.

Aago 9

Lórí òṣùpá, wọ́n ń dúró kí eruku tí ẹ́ńjìnì gbé sókè rọlẹ̀ kí Pragyan tó jáde. Ọkọ̀ kékeré oní táyà mẹ́fà ni, kìlógíráàmù 26, tó máa gba orí pákó kan sọ̀ kalẹ̀ láti inú Vikram. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ISRO tó kéde pé ó ti kanlẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó fi rí imí ọjọ́ nínú erùpẹ̀ ibẹ̀.

Bàbá Ẹlẹ́dìyẹ padà wá gba tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó bi mí pé ọdún mélòó ni ẹ̀rọ yẹn máa lò níbẹ̀. Mo ní ọ̀sẹ̀ méjì.

“Ọ̀sẹ̀ méjì?”

Mo ṣàlàyé pé ọ̀sán kan lórí òṣùpá tó ọjọ́ 14 tiwa, òru rẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Òní ni ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tó gúnlẹ̀ sí; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yan òní, torí pé sólà ló ń lò. Tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ṣú, òtútù ibẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀ òdo tó ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ó lé, wọn ò sì fi ẹ̀rọ ìmúgbóná kankan sínú rẹ̀. Bóyá ó máa jí tí ilẹ̀ bá tún mọ́, bóyá kò ní jí. (Kò jí.)

Ó ronú díẹ̀. Ó ní òun tó ń sin bróílà ò lè bínú sí ọ̀sẹ̀ méjì; ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni tòun, ẹni tó bá tọ́ wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ ń da owó oúnjẹ nù ni. Tó bá ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á, ó ti pé. Ohun tí kò yé òun ni bí wọ́n ṣe máa gbé nǹkan olówó iyebíye bẹ́ẹ̀ síbi òtútù láìsí iná.

“Ìwúwo ni, bàbá,” ni mo wí. “Gbogbo kílò tí wọ́n bá fi kún un, epo ló máa jẹ.”

“Àdógán èédú kan náà ò lè wọlé?”

Mo ní kò lè wọlé. Ó tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wò, ó ní kí n dákun kí n kí wọn tí mo bá rí wọn, òun fẹ́ lọ koná èédú fún àwọn ọmọ ọjọ́ kan tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láàárọ̀.